Ewúrẹ́ Àlejò Kì í Dìbò

Nígbà tí wọ́n fa ewúrẹ́ jáde fún wa ní abúlé Adakplamè, mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Ewúrẹ́ kan, iṣu mẹ́wàá. Orúkọ Dókítà ni gbogbo ìlú ń pè." Bàbá Barnabé, àbúrò bàbá mi, wo ohun tí mo kọ, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i, Philomène? Ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

Ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ni, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni mẹ́fà ló ń du ipò ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú wa yóò fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ: dókítà kan, lọ́yà kan, ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì, oníṣòwò méjì, àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan láti Pobè. Aṣojú mẹ́ta ni Kétu máa rán lọ dìbò. Kí wọ́n má baà tẹ̀lé ẹni tí àwọn ará ilé kò fẹ́, ẹgbẹ́ ní kí olùkọ́ wa, Mísíyé Gaston, wádìí ẹni tó lè wọlé lọ́dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ń dun Mísíyé Gaston, ló bá rán mi, torí èmi ni mo ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò sẹ̀tìfíkà tí a fi ń jáde nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Barnabé ló ń polongo fún Dókítà ní Kétu. Ó ní mọ́tò, ó ní òun á gbé mi káàkiri. Ó tún ní ilé ní Porto-Novo, níbẹ̀ ni mo sì máa gbé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé ìwé girama, bá wọlé lóṣù kẹwàá. Èṣùgbàyí bàbá mi, àgbẹ̀ ni. Kò mọ ẹlòmíràn ní ìlú yẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ni mo ń rí lójú àlá mi.

Abúlé mẹ́rin la dé. Wọ́n fẹ́ràn wa débi pé a kò lè jẹ oúnjẹ tán. Mo kọ ọ́ pé Dókítà á mú èèyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ pọnmi. Kànga Kétu jìn, èèyàn máa ń dúró pẹ́ nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Mo bá Ìyá Àbẹ̀bí, ará Kpankou, ọ̀kan nínú abúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó wá kí ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ Èṣùgbàyí, ṣé ẹran wa dùn?"

"Ó dùn, Ìyá. Dókítà á gbọ́ pé ẹ fẹ́ràn òun."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí okùn fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló fẹ́ràn rẹ̀? Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la pa ẹran fún. Ṣé ká jẹ́ kí àlejò febi lọ ni? Orúkọ ẹni tó bá ní mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà la máa ń pè lọ́jọ́ náà. Ìyẹn lo wá kọ sínú ìwé?"

Ojú tì mí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Bàbá mi pàápàá máa ń pa adìẹ fún agbowó-orí, kò sì fẹ́ rí i sójú.

Mo padà sí abúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé gaàrí tèmi dání. Inú oko ni mo ti bá àwọn èèyàn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń gbàlejò, mo sì ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rin èèyàn ni mo bi. Mọ́kànlá péré ló fẹ́ Dókítà. Mẹ́rìnlélógójì fẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, àwọn mẹ́rin yòókù sì pín ìyókù.

"Àgbàdo wa fẹ́ jẹrà ní Pobè lọ́dún tó kọjá," Kàsúmù, àgbẹ̀ kan, sọ fún mi. "Ọkùnrin yẹn sùn sí ibùdókọ̀ títí ó fi rí àyè fún un nínú ọkọ̀ ojú irin. Ta la tún fẹ́ dìbò fún?"

Bàbá Barnabé ka ìwé kejì yìí, ojú rẹ̀ le. "Ti àkọ́kọ́ ni kó o kà níwájú ẹgbẹ́. Tó o bá ka èyí, kó o yáa wá ilé mìíràn ní Porto-Novo."

Mo sunkún lọ bá bàbá mi lóko. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ lélẹ̀. "N kò nílé ní Porto-Novo láti fún ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ jáde, àwa méjèèjì la ó jọ jẹ ẹ́."

Mo nu ojú mi. Ọ̀rọ̀ náà ti yé mi: tí mo bá fi irọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, irọ́ náà á máa bá mi jókòó sí kíláàsì.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo dìde níwájú ẹgbẹ́, mo ka òtítọ́. Bàbá Barnabé fò dìde. "Ẹ bi í pé ewúrẹ́ mélòó ni wọ́n pa fún wa."

"Méjì ni, Bàbá," mo dáhùn. "Ẹ má bínú. Wọ́n pa méjì fún Lọ́yà náà."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Aṣojú Kétu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ dìbò fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Kò wọlé, ipò kejì ló ṣe. Dókítà ló gbẹ́yìn.

Oṣù kẹwàá dé, mọ́tò Bàbá Barnabé lọ láìgbé mi. Ó dùn mí wọra. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi bá bàbá mi roko, Mísíyé Gaston sì ń kọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ kí n má baà gbàgbé.

Lọ́dún kejì, Bàbá Barnabé wọlé wá, ó jókòó jẹ́ẹ́. "Philomène, mo fẹ́ du ipò kan ní Kétu níhìn-ín. Gbogbo èèyàn tí mo bi ló ní mo máa wọlé. Bá mi bi wọ́n."

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi rìn. Nígbà tí mo dé, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ ò ní wọlé."

Ó fà mí dìde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Ọjọ́ Ajé la máa lọ sí Porto-Novo."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òtítọ́ gba ọdún kan lọ́wọ́ mi, n kò sì ní purọ́ fún yín pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lé nítorí òtítọ́, òun náà la máa wá lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa dúró sí.