Kí O Tó Gé Ewé Chaya

Ọ̀sán gangan ni Ligia kọ́kọ́ rí i, nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí títì Mérida máa ń gbóná débi pé adìyẹ gan-an kì í jáde. Ọkùnrin kan ń bọ̀, ó gbé ajá dúdú ńlá kan mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, ẹsẹ̀ ajá ń fì, òógùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀.

"Ṣé ajá yín ò lẹ́sẹ̀ ni?" Ligia béèrè láti ẹnu ilẹ̀kùn tó ti ń ta omi èso.

"Ó lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ ló jó o."

"Ilẹ̀ kọ́, ẹ̀yin ni. Ta ló ń mú ajá rìn lọ́sàn-án? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan títì wò."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì fà á padà kíá. Ligia ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún ajá. Ó fún ọkùnrin náà ní omi ewé chaya, ẹ̀fọ́ kan tó ń hù ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ó lọ̀ mọ́ ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn wẹ́wẹ́, yìnyín kún inú ife.

Ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Wilberth ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àdúgbò ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní olú-ìlú tí òtútù ti ń mú. Ìyá rẹ̀ ló kú. Ó wá ta ilé ni, Mulix, ajá ìyá rẹ̀, sì ń bẹ nínú ilé ọ̀hún.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ló ń mú ajá jáde, nígbà tí gbogbo ilé bá ti gbé àga síta gba atẹ́gùn. Mulix ló máa ń wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Ligia. Wọn a jọ rìn dé ibi ìgbafẹ́, wọn a jókòó sórí àga funfun tó kọjú èèyàn méjì síra wọn, ajá a sùn sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ojú ẹ dà bí ìràwọ̀," Wilberth sọ lọ́jọ́ kan.

"Má bá mi sọ ìyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kẹ́yìn ti wà ní Cancún pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ìgbà wo lo máa ta ilé?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa orí Mulix. Ó dun Ligia pé kò dá ọjọ́. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n tún fi òun sílẹ̀. Kò lè bá a lọ sí olú-ìlú: òun nìkan ni bàbá rẹ̀, Don Eleuterio, ní.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Wilberth ní òun á ràn án lọ́wọ́ láti já ewé. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó na ọwọ́ sí igi chaya, ó já ewé. Igbe ló ké. Ọwọ́ rẹ̀ wú.

Don Eleuterio rẹ́rìn-ín láti orí ibùsùn àsokọ́ rẹ̀. "Ṣé o tọrọ àyè?"

"Lọ́wọ́ ta, bàbá?"

"Lọ́wọ́ igi! Ìyá ẹ ò kọ́ ẹ ni?"

"Bàbá, irun ara ewé ló ń ta èèyàn. Ìbọ̀wọ́ ni mo yẹ kí n wọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá. "Ìbọ̀wọ́ náà lo fẹ́ wọ̀ gba ọmọ mi? Àwọn tó fẹ́ ra ilé ẹ ti wá wọn ògiri lánàá. Ṣé o sọ fún un?"

Ligia wo Wilberth. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ọwọ́ rẹ̀ tó wú, ó ní, "Mú ajá ẹ, máa lọ."

Kò wá mọ́. Mulix nìkan ló ń wá. Ligia a fún un lómi, a sì lé e padà.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí Ligia gbọ́ ohùn ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá ló ti ṣílẹ̀kùn. Wilberth dúró níwájú chaya, kò wọ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ń sọ fún igi náà, "ẹ jẹ́ kí n gé díẹ̀. Mi ò tọrọ níjọ́sí, mo rò pé mo gbọ́n ni." Ó sún mọ́ igi náà. "Mo ti dá àwọn tó fẹ́ ra ilé padà. Mo ti kọ iṣẹ́ mi ní olú-ìlú sílẹ̀. Ilé mi ò jìnnà: téèyàn bá pe bàbá láti ibẹ̀, bàbá á gbọ́. Mi ò mú Ligia lọ síbì kankan. Èmi ni mò ń bọ̀ wá gbé ibí. Ṣé ẹ máa gbà?"

"Kò tíì dáhùn o," Don Eleuterio sọ. "Máa dúró."

Ligia gbé abọ́ jáde láti ilé ìdáná. Mi ò ní sọ pé ọkàn rẹ̀ fò bí ẹyẹ. Ó rìn lọ bá wọn. Ó gbé abọ́ sábẹ́ igi náà.

"Fún un," ó sọ fún chaya.

Wilberth na ọwọ́, ó gé ewé. Bó bá ta á, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.