Ọwọ́ Pupa Méjì Lẹ́yìn Aṣọ

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí dókítà ẹran dé ọgbà àgùntàn wọn, àgbò ló kí i káàbọ̀. Ó kàn án láti ẹ̀yìn, ọkùnrin náà sì fi gbogbo ara balẹ̀ sínú pòtòpótò. Ọmọ onílé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Ẹran ni gbogbo abúlé ń pe ọmọbìnrin náà, torí láti kékeré ló ti máa ń pọn ọmọ àgùntàn sẹ́yìn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Dókítà. Olóyè, àgbò wa yìí, kì í fẹ́ràn àlejò."

"Èmi náà ò tíì fẹ́ràn Olóyè," ni ó wí, ó ń nu imú. "Àmọ́ ẹ̀rín yín dùn."

Ọ̀rọ̀ ọgbà náà kì í ṣe ẹ̀rín ṣá. Ọdún kẹta rèé tí ọmọ àgùntàn ń kú kí wọ́n tó pé oṣù kan. Dókítà béèrè ìran ẹran kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ìyàwó, ó wá ní, "Olóyè ló bí àwọn wọ̀nyí, òun náà ló tún ń gùn wọ́n, ìyẹn ni ọmọ wọn fi ń kú. Ẹ wá àgbò mìíràn."

Bàbá Ìyá Ẹran fárígá. Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ Olóyè dàgbà. Bàbá sì ti rí i pé dókítà máa ń wá lọ́jọ́ tí ẹran kankan ò ṣàìsàn.

"Ẹni tó bá lé Olóyè kúrò nílé yìí, kó má retí ọmọ mi láé!"

Ọkàn Ìyá Ẹran bàjẹ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì lè purọ́ fún ara rẹ̀. Àmọ́ kò tún lè máa sin ọmọ àgùntàn lọ́dọọdún.

"Bàbá mi, a ò ní lé e," ni ó wí. "Ìyá Dókítà ní àgbò. Ẹ jẹ́ ká fi Olóyè pààrọ̀ tiwọn. Ìgbà tó bá wù yín, ẹ ó lọ kí i."

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá fúnra rẹ̀ ló fa okùn Olóyè lọ sílé ìyá Dókítà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun.

Nígbà tí àgbò tuntun dé, Dókítà fi ọ̀dà pupa kùn ún láyà. "Àgùntàn tí ẹ bá rí pupa nídìí rẹ̀, àgbò ti gùn ún nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ka oṣù márùn-ún."

Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ Bàbá. Ó ra ìwé, ó fi pẹ́ńsù há etí, ó ń yẹ ìdí àgùntàn wò láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí Dókítà ti kun àgbò tán, Ìyá Ẹran gbé omi wá fún un. Dókítà gbàgbé omi, ó gbá a mọ́ra. "Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó béèrè."

Bàbá wọlé. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀: ọwọ́ pupa méjì, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..." ni àwọn méjèèjì bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dákẹ́, iṣẹ́ ni mò ń ṣe." Ó fa pẹ́ńsù yọ, ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ó wá kọjú sí Dókítà. "Ọwọ́ nìkan ni mo rí, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Oṣù mẹ́fà: márùn-ún fún oyún àwọn àgùntàn, ọ̀kan kí n lè rí i pé ọmọ wọn yè. Tí wọ́n bá yè, kó ẹbí rẹ wá."

Ọmọ mọ́kànlá ni àwọn àgùntàn bí. Mọ́kànlá ló yè.

Ọjọ́ tí ẹbí dé, ìyá Dókítà ń kí Bàbá bí ẹni tí kò mọ̀ rí. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ta lẹ ń kí? Èmi tí mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ torí Olóyè?"

Ó wá ṣí ìwé rẹ̀. Láàárín orúkọ àwọn àgùntàn, ó ti kọ "Ọmọ mi" síbẹ̀.

"Ìyá rẹ ì bá wà níbí," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀. Ó yíjú sí Dókítà. "Ohun méjì tó fi sílẹ̀ fún mi ti wà lọ́dọ̀ yín báyìí. Bí mo ṣe ń wá kí Olóyè, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó máa wá kí ọmọ mi."

"Ẹ máa wá, Bàbá," ni Dókítà wí. "Àga yín wà lẹ́nu ọ̀nà."