Ìdáhùn Láti Inú Ilé Tí Wọn Ò Tíì Kọ́

Ọpọlọ mi pé, etí mi kò sì di. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní ogbó ló ń dà mí láàmú. Ohun tí mo gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì yẹn, mo gbọ́ ọ.

Ìlọrin ni ìdílé wa ti wá sí Lọ́kọ́ja, nígbà tí odò ṣì jẹ́ títì. Baba ńlá wa, Àlí, ló ń ta iyọ̀ káàkiri etí omi. Àdúgbò Kabawa la kọ́lé sí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ Òkè Pátì ni oko wa wà. Oko yẹn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wá tọrọ. Wọ́n fẹ́ kọ́ ọgbà sáyẹ́ǹsì àti okòwò síbẹ̀: yàrá àyẹ̀wò, ọ́fíìsì, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ti máa ṣe ẹ̀rọ. Ràṣídátù, ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, wà lára wọn. Kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ. Omi odò ló ń yẹ̀ wò látàárọ̀ dalẹ́. Gbogbo ẹbí ti gbà. Ẹnu mi nìkan ló kù.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Oko yẹn ni mo ti kọ́ oríkì ilé wa lẹ́nu ìyá mi, bí a ṣe ń ro ebè. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ọmọ ní kí n kì í sínú fóònù. Mo ní oríkì kì í ṣe káàdì tí à ń rà sínú fóònù. Bí ilẹ̀ bá lọ, tí èmi náà sì lọ, ó parí nìyẹn.

Ràṣídátù wá mú mi lọ wo ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ já wa sílẹ̀ létí títì. Oyèníyì, ọmọ Mopa tó ń wọn ilẹ̀ fún wọn, jókòó lábẹ́ mángòrò. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ wọn: "Òkun, ìyá." Ilẹ̀ pupa ni mo rí, àti èèkàn, àti okùn funfun. Oòrùn mú. Ẹyẹ kankan kò ké.

Ràṣídátù dúró láàárín èèkàn méjì. "Ẹnu ọ̀nà yàrá mi rèé, Màmá."

Nílé wa, a kì í dé ẹnu ọ̀nà ká má kí ará ilé. Ẹnu mi ti ṣe é kí n tó rò ó.

"Àsàlámù àlékùmù."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé èèkàn lẹ̀ ń kí ni?"

"Wàlékùmù sàlámù," ni ohùn kan wí.

Iwájú mi ló ti wá. Ohùn obìnrin ni. Ó dún bí ìgbà tí ògiri yí èèyàn ká. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ràṣídátù. Ó di apá mi mú.

Mo béèrè ẹni tó ń dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ilé wa, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọmọ Àlí, ọmọ a-gbé-iyọ̀-sọdá-odò-tí-iyọ̀-ò-yọ́. Kò fo ẹnì kan. Kò ṣì í. Ó kì í títí ó fi dé orí ìyá mi. Ibẹ̀ ni oríkì náà parí sí. Mo ń retí kó dákẹ́.

Kò dákẹ́.

"Ọmọ Kàrímọ́tù, a-fún-ni-nílẹ̀-má-bojú-wẹ̀yìn. Ìyá ìyá ìyá mi."

Èmi ni Kàrímọ́tù. Nílé wa, ẹni tí a kò tíì sin kì í wọ inú oríkì. Ohùn náà sì gbó ju tèmi lọ. Ó ń wúkọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan rọra pa dé. Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀.

Àyà mi já, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, ohun tó kù nínú mi kò jọ ẹ̀rù mọ́. Ó jọ ìgbà tí èèyàn jẹun yó. Ràṣídátù ní ìdáhùn sí kíkí mi nìkan lòun gbọ́, ó sì bẹ̀ mí ká má sọ ọ́ nílé. Mo pe ẹbí jọ, mo ní kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀. Kàsímù, àbúrò mi, bi mí bóyá wọ́n fún mi ní nǹkan mu níbẹ̀. Mo ní omi tútù ni.

Ògiri ti ń ga níbẹ̀ báyìí. Mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Oyèníyì sún mọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Òun náà ti gbọ́ lọ́jọ́ náà lábẹ́ mángòrò. Ó ti wá gbogbo àyíká.

"Ìyá, màmá àgbà tó dá yín lóhùn lọ́jọ́sí, ibo ló gbà lọ?"

"Kò tíì dé," ni mo wí.