Ta Ló Lè Pa Sẹ́fà Yín?

Màmá Beatrice, olórí yàrá fáìlì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Iba, kì í tan iná sílẹ̀ lọ ilé. Láti ọjọ́ tí iná ti wọlé lójijì tó sì jó fíríìjì wọn, aago mẹ́rin báyìí ni wọ́n ń pa fáànù, gílóòbù àti kọ̀ǹpútà. Ta ni yóò bá àgbà wí pé ó ń ṣọ́ nǹkan?

Nígbà tó yá, wọ́n gbé sẹ́fà tuntun sí yàrá wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí fáìlì gbogbo aláìsàn wà nínú rẹ̀. Ní aago mẹ́rin Ọjọ́rú, Màmá pa òun náà láti orí kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, ó di ilé.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú, wọ́n gbé aboyún kan, Peace, dé ẹ̀ka ilé ìwòsàn náà ní Okokomaiko, tí wọ́n ń lo sẹ́fà Iba yẹn kan náà. Ó ń rọbí, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, iṣẹ́ abẹ ló kù. Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ ti fa abẹ́rẹ́, ó wá ní kí òun kọ́kọ́ wo fáìlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kò rí nǹkan kan.

"Dókítà, sẹ́fà ti kú o! Mi ò mọ abẹ́rẹ́ tí ara ẹ̀ ò gbà!"

Àfìgbà tí Timothy, ọkọ Peace, sáré wọlé pẹ̀lú káàdì àtijọ́. Wọ́n ti fi báírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀: ẹ má fún un ní pẹnisílìnì. Pẹnisílìnì gan-an ló wà lọ́wọ́ Folúkẹ́. Ó jù ú nù, ó fa òmíràn. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ìyá là, ọmọ là.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ńṣe ni Màmá Beatrice ń sunkún. "Ẹ kúkú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Rárá o, mà," ni Dámilárá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn dáhùn. "Ẹ̀bi tiwa ni. Àwa la fún gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á."

"Ká kàn yọ orúkọ Màmá kúrò," ni Dókítà Gbádébọ̀ tó ni ilé ìwòsàn wí.

"Tá a bá ń yọ ọ́ lórúkọ-lórúkọ, a máa gbàgbé ẹnì kan, sà. Ẹ jẹ́ ká pín wa sí ẹgbẹ́: nọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, fáìlì lọ́tọ̀, alámòójútó ẹ̀rọ lọ́tọ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe, ibì kan ṣoṣo la máa kọ ọ́ sí, gbogbo ẹ̀rọ wa á sì máa tẹ̀ lé e. Òun ni wọ́n ń pè ní group policy. Alámòójútó ẹ̀rọ nìkan láá lè pa sẹ́fà. A máa ti ẹ̀rọ náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, a sì máa so ó mọ́ ínfátà, kí iná má bàa jó o."

"Èmi ńkọ́?" ni Dókítà béèrè.

"Ẹ ò sí níbẹ̀, sà."

"Èmi tí mo ni ilé yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé, sà. Iṣẹ́ yín kọ́ ni pípa sẹ́fà."

Màmá Beatrice rẹ́rìn-ín nínú omijé. Dókítà kọjú sí Dámilárá, ó ní, "Ṣe é. Lónìí."

Ní báyìí, tí aago mẹ́rin bá lù, Màmá ṣì ń pa fáànù àti gílóòbù. Ibi tí wọ́n ti ń pa sẹ́fà kì í tilẹ̀ jáde sí wọn lórí kọ̀ǹpútà mọ́, kò sì dùn wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́, ẹ béèrè lónìí: ta ló lè pa sẹ́fà wa? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "gbogbo wa", ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kíá. Ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ fún lẹ́tọ̀ọ́, ẹ má fi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba kìkì ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín lọ́dọ̀ àgbà. A lè kúnlẹ̀ kí àgbà láì fún un lágbára láti pa sẹ́fà.