Ọkùnrin Tó Jí Ìtọ̀ Adẹ́tẹ̀

Ìgbéraga ò lójútì. Ẹ wo Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀, ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó ń gbé ní Fẹ́sítáàkì nílùú Èkó. Ọlọ́run gan-an, bí akọ̀wé kékeré ló rí lójú rẹ̀.

Àbàwọ́n kan jáde sí apá rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ gún un níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Dókítà ní ẹ̀tẹ̀ ni, pé oògùn ọdún kan yóò wò ó sàn. Ògúndípẹ̀ gba oògùn, ó dà á sí gọ́tà. Ó ní ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe àìsàn èèyàn bíi tòun.

Ṣùgbọ́n lóṣooṣù ni àwọn nọ́ọ̀sì ń yẹ ìtọ̀ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń lo oògùn. Bí kò bá wá, wọn yóò wá a délé, àdúgbò yóò sì gbọ́. Kí ni ọ̀gá ṣe? Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìgbẹ́kẹ̀lé, fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní Máìlì Tú, tó ń lo oògùn tirẹ̀ déédéé. Ògúndípẹ̀ kì í bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àmọ́ bí Ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti gbé ike ìtọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, àgbàlagbà yìí a yọ́ bù níbẹ̀ sínú tirẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi jí ìtọ̀. Nọ́ọ̀sì ń yìn ín, òun náà ń mirí bí alángbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Òórùn ẹran tó ń jó ló gbọ́ kó tó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò dùn ún rárá. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á.

Dókítà wo ọwọ́ náà, ó wo ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀, ọ̀rọ̀ ò yé e. Ó ní ó jọ pé oògùn ò ràn án. Ògúndípẹ̀ jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbẹ́kẹ̀lé sún mọ́ ọn.

“Bàbá, mo ti ń rí yín látọjọ́ yìí,” ló sọ jẹ́ẹ́. “Oògùn tí mo gbé mì ò lè wò yín sàn. Ẹ ti tan nọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ lè tan Ẹni tó dá kíndìnrín? Ẹ jẹ́wọ́ fún Jésù. Òun kì í lé adẹ́tẹ̀.”

Ògúndípẹ̀ fẹ́ bínú, ẹkún ló jáde. Níbẹ̀ ló ti sọ fún Jésù pé òpùrọ́ àti olè lòun. Ó dìde, ó lọ sọ bákan náà fún nọ́ọ̀sì, lójú gbogbo èèyàn. Ọjọ́ náà ló gbé oògùn àkọ́kọ́ mì. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka méjì ò nà mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun àti Ìgbẹ́kẹ̀lé jọ ń jókòó sójú kan nínú ìjọ.

Ìwọ tó ń fi í rẹ́rìn-ín ńkọ́? Kí lo fi sàn jù ú lọ? Àdúrà ìyá rẹ lo ń gbé síwájú Ọlọ́run bíi tìrẹ. Ìgbàgbọ́ ìyàwó rẹ lo fi ń bo àgbèrè rẹ. Ọlọ́run ò gọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dùn ọ́ mọ́ yẹn ló máa pa ọ́. Má dúró dọ̀la. Níbi tí o wà yìí, kúnlẹ̀, kí o sì pe Jésù.