Orin Àdúgbò Tí Àrínọlá Sẹ́

"Pe orúkọ rẹ̀ kó dún ketekete," ni Uncle Rubén wí, ó dá ọwọ́ dúró lórí dùùrù àfọwọ́fà rẹ̀. "Orin tango kì í fi àdúgbò rẹ̀ pamọ́."

Àrínọlá rẹ́rìn-ín, ó tún un gbé: "Thamesmead, ilé mi létí omi, níbi tí ìyá mi ti ń wọ bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ọmọ ọdún márùn-ún-dín-lógún ni. Arúgbó ará Buenos Aires ni Uncle Rubén. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, iṣẹ́ ìyá Àrínọlá sì ni láti máa tọ́jú rẹ̀ nínú ilé baba náà lẹ́bàá adágún Birchmere ní Thamesmead. Bí Àrínọlá bá ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ ló ń yà sí. Baba náà sọ fún un pé àwọn mẹ̀kúnnù ìlú òun a máa fi tango dárúkọ òpópónà wọn, títí kan ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀, bí ẹni ń ki ọba. "Ẹni tó bá ń tijú ilé rẹ̀," ló wí, "kò ní ibi tí yóò darí sí."

Ilé ìwé rẹ̀ fẹ́ ṣe àṣeyẹ, wọ́n ní kí kálukú kọ orin nípa àdúgbò rẹ̀; ìdí rèé tí Uncle Rubén fi ń kọ́ ọ lórin. Bí wọ́n ti ń múra lọ́jọ́ àṣeyẹ náà, Habeebah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ka orin náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Thamesmead kẹ̀? Babe, o fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé ibẹ̀ lò ń gbé? Sọ pé Blackheath tí àwọn olówó ń gbé, jàre!"

Ojú ti Àrínọlá. Ó mú bírò, ó pa Thamesmead rẹ́. Ó pa ìyá tó ń wọ bọ́ọ̀sì rẹ́ pẹ̀lú.

Lórí pèpéle, ó kọrin Blackheath, ó kọrin ìyá olówó tó ń fi ọkọ̀ bọ̀gìnì gbé e lọ síléèwé. Àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn nínú aṣọ iṣẹ́, ó di àga oníkẹ̀kẹ́ Uncle Rubén mú. Wọ́n ti wá láìsọ fún un. Baba náà ò pàtẹ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ kàn béèrè pé: "Àrínọlá, ìyá wo lo kọrin ẹ̀ yẹn? Ṣé mo mọ̀ ọ́n?"

Àrínọlá tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò lè kojú baba náà. "Ó di ọ̀la," ló ń wí, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi kọjá. Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlu Uncle Rubén. Iyè rẹ̀ rá, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Nígbà tí Àrínọlá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ débẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó kọ orin tòótọ́ náà látòkèdélẹ̀. Baba wò ó bí ẹni wo àlejò.

"Orin rẹ dùn," ló sọ. "Níbo ni wọ́n ń pè ní Thamesmead?"

"Ibi tí mò ń gbé ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Kí lo ṣe fún mi?"

Àrínọlá fojú bo bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ sẹ́ ilé tó tọ́ yín dàgbà. Bí ẹ bá sì ṣẹ ẹnì kan, ẹ tètè lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì dá yín mọ̀.