Àpòòwé Tí Bàbá Kò Ṣí

Àpòòwé mọ́kànlélógún ló já lu Kí-ló-fà-á lórí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn. Aṣọ ìnura ló fẹ́ fà yọ lókè kọ́bọ́ọ̀dù, kò mọ̀ pé ibi ìpamọ́ bàbá òun lòun ń tú. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kó wọn jọ, ó sì kà wọ́n. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lára gbogbo wọn, kò sì sí ẹyọ kan tí wọ́n ya ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ọmọ yìí kò gba orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni "kí ló fà á?" kò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí ló fà á tí omi fi ń hó? Kí ló fà á tí ọ̀gá iléèwé fi ń wọ kóòtù nínú oòrùn? Bí ẹ bá wá gbé àpòòwé mọ́kànlélógún tí wọ́n lẹ̀ pa síwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ rò pé yóò kó wọn padà sókè ni? Ó ya àkọ́kọ́. Ó ya ìkejì. Kí ìyá rẹ̀ tó dé láti ibi tó ti ń bá àwọn èèyàn lọ aṣọ, ó ti ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tó kà yà á lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ owó orí ló kọ àwọn lẹ́tà náà, wọn kò sì halẹ̀ rárá. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ti fi fọ́ọ̀mù owó orí ránṣẹ́, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ló jẹ ẹ́ lówó.

Aṣebúrẹ́dì ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, oṣù márùn-ún péré ló ṣiṣẹ́ kí ààrò tó jó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àmọ́ owó orí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù. Wọ́n yọ ọ́ jù. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ń rí lọ́sẹ̀ yìí tí kì í rí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń ṣe, bákan náà ni wọ́n ṣe yọ owó orí rẹ̀ jù. Bó bá béèrè, wọ́n á dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè láàárín ọdún mẹ́ta ti pàdánù ìyẹn. Ti ọdún àkọ́kọ́, tó pọ̀ jù, yóò wọgbó ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Kí-ló-fà-á wo ìwé dókítà tí ìyá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìka mẹ́rin ni iná ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bàbá, wọn kò sì là mọ́ láti ìgbà náà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè là wọ́n, kí bàbá sì padà sídìí búrẹ́dì, ó sì kọ iye owó ìka kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó. Ọmọ náà ṣírò owó ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó tó ìka mẹ́rin gẹ́lẹ́.

"Bàbá mi, àwọn gan-an ló jẹ yín lówó," ló sọ nígbà tí bàbá jókòó sídìí oúnjẹ.

Ohùn bàbá lọ sílẹ̀. "Ta ló ní kí o ṣí i? Lẹ́tà ìjọba tí a kò bá ṣí, kò tíì dé. Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń ṣe búrẹ́dì pẹ́ kó tó mú fọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ló já sí. Oṣù méjì péré ló fi pẹ́ o. Èmi tó ti di ọdún mẹ́ta, o fẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá wọn?"

"Ṣé òun ló jẹ wọ́n ni àbí àwọn ló jẹ ẹ́?"

"Mi ò bi í."

"Kí ló fà á tẹ́ ẹ ò fi bi í?"

Bàbá dìde, ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí okùn á sá.

Lọ́jọ́ kejì, Kí-ló-fà-á ro ẹjọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Má-fòyà. Ìyẹn ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dé ìdí.

"Ṣé o ò lè bá wọn sáìn ni?"

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ kẹ̀? Ṣé owó onílé kejì lẹ fẹ́ gbà ni? Owó bàbá ẹ ni o fẹ́ bá wọn gbé wálé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ọmọ tó ń béèrè ohun gbogbo láyé kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ yẹn. Ó mú ìwé owó oṣù àtijọ́ bàbá, wọ́n gbé e lé gíláàsì fèrèsé kíláàsì, ó sì da ìfọwọ́sí bàbá kọ, tòun ti ìrù gígùn rẹ̀. Ó kọ fọ́ọ̀mù mẹ́ta tó bá àwọn lẹ́tà náà wá. Ó so ẹ̀dà ìwé báǹkì bàbá mọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa san owó sí. Lọ́jọ́rú, ó lọ fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ilé iṣẹ́ owó orí pe bàbá lórí fóònù. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tọmọ tòbí jókòó síwájú akọ̀wé owó orí, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi okùn so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Akọ̀wé tẹ́ ìwé méjì síwájú wọn. "Ẹ wò ó, sà. Ìfọwọ́sí orí fọ́ọ̀mù yìí gún régé. Èyí tó wà nínú ìwé báǹkì yín kò jọ ọ́ rárá."

Ti báǹkì wọ́, ó sì gbọ̀n, bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Ìgbà yẹn ni Kí-ló-fà-á tó rántí. Láti ìgbà tí ààrò ti jó bàbá, ọwọ́ òsì ló fi ń sáìn. Òun tó ń bá a de bọ́tìnnì láràárọ̀, ọwọ́ tí kò sí mọ́ lòun lọ dà kọ.

"Bí ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, màá lu òǹtẹ̀ báyìí, ó parí. Ẹ̀yin ni, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Bàbá wo aago ara ògiri. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ya ẹnu, ọmọ náà sì mọ̀ pé irọ́ ló fẹ́ pa nítorí òun.

"Èmi ni, mà," ló yára sọ. "Bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Akọ̀wé yọ gíláàsì. "O mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn?"

"Mo mọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Nítorí pé o jẹ́wọ́, kò ní kọjá orí tábìlì yìí." Ó fa ìlà pupa já fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọjú sí bàbá. "Ẹ̀yin náà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Àwa tí a jẹ yín lówó?" Ó mi orí, ó fa fọ́ọ̀mù tuntun yọ. "Ti ọdún méjì tó kù ṣì láyè. Eléyìí, ti ọdún àkọ́kọ́, aago mẹ́rin òní ló ń tì. Ká ní òtítọ́ lẹ kọ́kọ́ gbé wá ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá bá yín kọ ọ́, kẹ́ ẹ kàn sáìn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, ọwọ́ ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kàn án. Kò sì gbọdọ̀ sí ìparẹ́."

Ojú ìwé mẹ́jọ ni. Bàbá fi ọwọ́ òsì mú bírò, ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbin ín. Kí-ló-fà-á kò lè ṣe ju kó di etí ìwé mú lọ. Ní ojú ìwé kẹta, bírò ta tàdáwà sí i, wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé keje ni wọ́n wà nígbà tí aago lu mẹ́rin.

"Ẹ̀rọ ti ti ọdún yẹn pa, sà," ni akọ̀wé wí. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. "Ọwọ́ mi ò tó o mọ́."

Lórí àtẹ̀gùn, Kí-ló-fà-á bú sẹ́kún. Bàbá dúró tì í títí ó fi sun ún tán.

"Ìwọ ṣe tìẹ lọ́jọ́ kan. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe tèmi," ló wí. "Nu ojú ẹ. Lọ́jọ́ Ajé, àárọ̀ kùtù, a máa wá kọ méjì tó kù."

Wọ́n kọ ọ́, ọ̀gá akọ̀wé ti gbà kó bá wọn mú bírò, owó náà sì wọlé lẹ́yìn oṣù méjì. Ó tó ìka méjì. Dókítà là wọ́n, bàbá padà sí ilé búrẹ́dì ní ìdajì ọjọ́, ó ń fi ìka méjì po ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀tọ́ ẹni kò nílò irọ́ kó tó wálé, ẹsẹ̀ àti ẹnu tí a fi lọ béèrè ti tó o. Àmọ́ ẹ kò nílò kí n máa wàásù. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí ìka méjì yòókù fi ká síbẹ̀, ẹ̀rín ni bàbá máa ń rín. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń dáhùn, kì í sì í fi ojú pamọ́: "Ẹ̀rù ló di ọ̀kan mú. Èmi ni mo di èkejì."